ÌṢÍRÒ INÁ MÀNÀMÁNÁ: IPÁ, ÌṢÀN, ÌDÈNÀ ÀTI AGBÁRA

Ẹ̀kọ́ fún àgbẹ̀ àti fún onílé

Kò sí àgbẹ̀ tí í ra èbù iṣu láì mọ iye ebè tí ó kọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tí í gé pákó láì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀ nínú wa bá fẹ́ fa iná mànàmáná lọ sí ilé adìẹ tàbí sí etí kànga, a ó lọ sí ọjà, a ó bèèrè wáyà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ, a ó sì nà án láti orí igi dé orí igi. Lẹ́yìn èyí ni a ó máa ṣe kàyéfì. Gílóòbù ń pọ́n bí ẹyinná, ẹ̀rọ kò lè fa omi, owó iná ń pọ̀ sí i, wáyà sì ń gbóná títí ilé yóò fi jó ní ọjọ́ kan.

Gbogbo ibi wọ̀nyí ni ìṣírò kékeré lè fi hàn wá kí wọn tó dé. Ìṣírò náà kò ju ìsọdipúpọ̀ àti pípín lọ, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí òǹkàwé kí ó mú lẹ́ẹ̀dì àti tákàdá sí ọwọ́, kí ó sì máa bá wa ṣe é bí a ti ń lọ.

1. Orúkọ mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ ro táńkì omi kan tí a gbé sórí òpó, tí a sì so rọ́bà mọ́ ìdí rẹ̀. Bí táńkì náà bá ti ga tó ni omi yóò ti fi ipá jáde tó. Gíga táńkì yìí ni ó dà bí ipá iná, tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní fóltéèjì. Fóltì ni a fi ń wọ̀n ọ́n.

Iye omi tí ń gba inú rọ́bà kọjá ní ìṣẹ́jú kan ni ó dà bí ìṣàn iná. Áńpíà ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Bí rọ́bà bá tín-ín-rín, tí ó sì gùn, omi kì yóò rí àyè kọjá bí ó ti yẹ. Èyí ni ó dà bí ìdènà, tí a ń fi óòmù wọ̀n. Ẹ̀kẹrin ni agbára, èyíinì ni bí iṣẹ́ tí omi náà lè ṣe ti pọ̀ tó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bí a bá jẹ́ kí ó máa yí kẹ̀kẹ́. Wáàtì ni òṣùwọ̀n agbára.

Orúkọ ènìyàn ni a fi sọ òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Alessandro Volta, ará Ítálì, ni ó kéde bátìrì fún ayé ní ọdún 1800. André-Marie Ampère jẹ́ ará ilẹ̀ Faransé. James Watt, ará Skọ́tílándì, ni ó tún ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ ṣe kí ó lè sàn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Georg Simon Ohm sì jẹ́ ará Jámánì. Lára ẹ̀rọ tí a bá rà, lẹ́tà V dúró fún fóltì, A dúró fún áńpíà, W dúró fún wáàtì, àmì Ω, tí ó dà bí irin pátákò ẹṣin, sì dúró fún óòmù.

Ní Nàìjíríà, fóltì 230 ni a kà sí ipá iná tí ó yẹ kí ó wọ ilé. Bátìrì ọkọ̀ kékeré jẹ́ fóltì 12, ẹyọ bátìrì tọ́ọ̀ṣì sì jẹ́ fóltì kan àti ààbọ̀.

2. Òfin Ohm

Ọmọ alágbẹ̀dẹ tí ń ṣe àgádágodo ni Ohm. A bí i ní ìlú Erlangen ní ọdún 1789, ó sì di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Cologne. Níbẹ̀ ni ó ti fi wáyà gígùn àti kúkúrú dán ìṣàn iná wò. Kí ipá iná tí ó ń lò má baà máa yí padà, ó so irin oríṣi méjì pọ̀, ó fi ojú ìsopọ̀ kan sínú omi tí ń hó, ó sì fi ojú ìsopọ̀ kejì sínú yìnyín tí ń yọ́. Ó rí i pé bí ipá bá di ìlọ́po méjì, ìṣàn náà a di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí ìdènà bá di ìlọ́po méjì, ìṣàn a di ìdajì. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1827. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ kò kà á sí ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 1841 ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù fi àmì-ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà sọ òfin náà:

Ipá ÷ ìṣàn = ìdènà.
Ipá ÷ ìdènà = ìṣàn.
Ìṣàn × ìdènà = ipá.

Ẹni tí ó bá mọ méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè rí ẹ̀kẹta. Ẹ jẹ́ kí a mú áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. A so ó mọ́ iná fóltì 230, a sì rí i pé áńpíà 5 ni ìṣàn tí ó ń fà. Kí ni ìdènà rẹ̀? 230 ÷ 5 = 46. Óòmù 46 ni.

Ẹ kíyèsí i pé àwọn ohun tí ń mú gbóná, gẹ́gẹ́ bí áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùrù àti iná ìdáná, ni ìṣírò yìí bá mu jù lọ. Ẹ̀rọ tí ń yí ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà jẹ iná, nítorí náà, iye áńpíà tí a kọ sí ara rẹ̀ ni kí a gbà gbọ́.

3. Òfin agbára, àti iye yúnìtì

Òfin kejì rọrùn ju ti ìṣáájú lọ:

Ipá × ìṣàn = agbára.

Áyọ́ọ̀nù tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lo fóltì 230 àti áńpíà 5. 230 × 5 = 1,150. Wáàtì 1,150 ni agbára rẹ̀.

A tún lè yí i padà: bí a bá fi ipá pín agbára, a ó rí ìṣàn. Èyí ni ó wúlò jù fún onílé, nítorí pé iye wáàtì ni àwọn tí ń ṣe ohun èlò sábà máa ń kọ sí ara wọn. Kẹ́tùrù kan wà tí a kọ 2,300 W sí ìdí rẹ̀. 2,300 ÷ 230 = 10. Áńpíà 10 ni yóò fà. Ìdènà rẹ̀ ń kọ́? 230 ÷ 10 = 23. Óòmù 23 ni.

Ohun kan wà níbí tí ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Agbára kẹ́tùrù jẹ́ ìlọ́po méjì agbára áyọ́ọ̀nù, síbẹ̀ ìdènà rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti áyọ́ọ̀nù. Kì í ṣe àṣìṣe. Bí ipá bá dúró sí ojú kan, ohun tí ìdènà rẹ̀ kéré ni ìṣàn púpọ̀ máa ń gba inú rẹ̀, ìṣàn púpọ̀ ni ó sì ń mú agbára púpọ̀ wá.

Èyí ni iye tí àwọn ohun kan ń fà ní fóltì 230:

Gílóòbù LED tí ó jẹ́ wáàtì 10: áńpíà 0.04.
Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ wáàtì 100: áńpíà 0.43.
Iná pupa fún òròmọdìẹ, wáàtì 250: áńpíà 1.1.
Áyọ́ọ̀nù, wáàtì 1,150: áńpíà 5.
Kẹ́tùrù, wáàtì 2,300: áńpíà 10.

Ẹni tí ó bá ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò ju wáàtì 650 lọ, kí ó fi 230 pín in. Kò tó áńpíà 3. Nítorí náà kò lè gbé áyọ́ọ̀nù wa, bí ó ti wù kí a fa okùn rẹ̀ tó.

Bí a bá fi wákàtí sọ agbára di púpọ̀, a ó mọ iye iná tí a jẹ. Wáàtì 1,000 fún wákàtí kan ni a ń pè ní yúnìtì kan, òun sì ni mítà ń kà. Gílóòbù àtijọ́ tí ó jẹ́ wáàtì 100 yóò jẹ yúnìtì kan ní wákàtí 10. Gílóòbù LED tí ó jẹ́ wáàtì 10 yóò tan fún wákàtí 100 kí ó tó jẹ yúnìtì kan náà. Kẹ́tùrù wáàtì 2,300 tí a tan fún ìṣẹ́jú 6, tí í ṣe ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá wákàtí, yóò jẹ yúnìtì 0.23. Kí olúkúlùkù fi iye tí ó ń san fún yúnìtì kan sọ ọ́ di púpọ̀, yóò sì mọ ibi tí owó rẹ̀ ń gbà jáde.

4. Bí ipá bá rẹlẹ̀

Àwọn tí ilé wọn jìnnà sí tàránsífọ́mà mọ̀ pé ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná wọn, iná tiwọn a rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ rò pé bí ipá bá dín kù díẹ̀, iṣẹ́ náà yóò dín kù díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀.

Ìdènà áyọ́ọ̀nù wa jẹ́ óòmù 46. Bí ipá bá wálẹ̀ sí fóltì 161, ìṣàn rẹ̀ yóò jẹ́ 161 ÷ 46 = 3.5. Agbára rẹ̀ yóò jẹ́ 161 × 3.5 = 563.5. Ipá ṣì ju ìdajì lọ dáadáa, ṣùgbọ́n agbára kò tó ìdajì 1,150 mọ́. Bí ipá bá wálẹ̀ sí ìdajì gan-an, fóltì 115, ìṣàn a di áńpíà 2.5, agbára a sì di wáàtì 287.5. Ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin ni èyí. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ipá bá rẹlẹ̀, ìṣàn náà a rẹlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, méjèèjì a sì jùmọ̀ fa agbára sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tí ń fi iná tọ́jú òròmọdìẹ má ṣe rò pé bí gílóòbù bá ti ń pọ́n, ooru ti tó. Ọ̀pọ̀ òròmọdìẹ ni òtútù lè pa lábẹ́ iná tí ń tàn.

Ti ẹ̀rọ tí ń yí burú ju èyí lọ. Ẹ̀rọ tí ń fa omi àti ẹ̀rọ inú fíríìjì kì í dín ìṣàn wọn kù bí ipá bá rẹlẹ̀. Wọ́n a máa tiraka láti ru ẹrù wọn, wọ́n a fa ìṣàn púpọ̀ sí i, wáyà inú wọn a sì gbóná títí yóò fi jóná. Bí iná bá rẹ̀ sílẹ̀ tóbẹ́ẹ̀, pípa ẹ̀rọ ni ọgbọ́n.

5. Ooru inú wáyà

Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà tí yóò gbé iná. Kò sí wáyà ilé tí kò ní ìdènà díẹ̀, nítorí náà kò sí èyí tí kì í gbóná díẹ̀ bí ìṣàn bá ń gba inú rẹ̀. James Prescott Joule, ọmọ apọntí ní Salford lẹ́bàá Manchester, ni ó wádìí iye ooru náà ní nǹkan bí ọdún 1840. Ó ri wáyà sínú omi, ó jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀, ó sì fi òṣùwọ̀n ooru mọ bí omi ti gbóná tó. Ohun tí ó rí nìyí:

Ìṣàn × ìṣàn × ìdènà = agbára tí ó di ooru.

Ẹ kíyèsí i pé ẹ̀ẹ̀méjì ni ìṣàn wọ inú ìṣírò náà. Bí ìdènà wáyà kan bá jẹ́ óòmù 1, áńpíà 5 yóò sọ wáàtì 25 di ooru nínú rẹ̀. Áńpíà 10 yóò sọ 100 di ooru. Áńpíà 15 yóò sọ 225 di ooru. Ìṣàn di ìlọ́po mẹ́ta, ooru di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ìdí nìyí tí wáyà tí ó gbé áyọ́ọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá láìsí ìyọnu fi lè jó ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí a so kẹ́tùrù àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ mọ́ ọn.

Púlọ́ọ̀gì oníhò mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, áńpíà 13 ni ó lè gbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá fi kẹ́tùrù àti áyọ́ọ̀nù sí orí ẹ̀síténṣọ̀n kan ṣoṣo, 10 + 5 = 15. Ẹrù ti ju ẹlẹ́rù lọ. Fíúsì inú púlọ́ọ̀gì jẹ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kí ó lè yọ́ kí wáyà ilé tó gbóná. Ẹni tí ó bá fi ìṣó tàbí wáyà lásán rọ́pò fíúsì nítorí pé ó ń já ní gbogbo ìgbà kò wo àrùn náà sàn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fíúsì tí ó ń já ń sọ fún wa pé ẹrù ti pọ̀ jù, ẹrù ni kí a dín kù.

Ojú ìsopọ̀ wáyà léwu ju wáyà fúnra rẹ̀ lọ. Bí a bá kàn lọ́ wáyà méjì mọ́ ara wọn, tí a fi ọ̀rá dì wọ́n, ojú ìsopọ̀ náà lè dógùn-ún, kí ìdènà rẹ̀ sì tó ìdajì óòmù. Bí áńpíà 10 bá gba ibẹ̀ kọjá, 10 × 10 × 0.5 = 50. Wáàtì 50 ni èyí, ní ojú kan ṣoṣo tí kò tóbi ju orí ìka lọ. Irin gbígbóná tí àwọn tí ń tún rédíò ṣe fi ń yọ́ òjé, wáàtì 40 tàbí 60 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ni àwọn baba wa wí. Ẹni tí ó bá fi irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú àjà ilé, orí òrùlé gan-an ni ó fi iná sí.

6. Wáyà tí ó lọ sí oko

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a fi gbogbo òfin wọ̀nyí ṣe iṣẹ́ kan. Àgbẹ̀ kan fa iná láti ilé rẹ̀ dé ilé adìẹ tí ó wà ní mítà 100. Wáyà bàbà tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní 1.5 ni ó rà, èyíinì ni pé ojú bàbà náà, bí a bá gé e, fẹ̀ tó mílímítà 1.5 níbùú lóròó. Ó so iná ìmúgbóná mọ́ ọn. Oníṣẹ́ iná wá fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tí iná wà ní títàn: fóltì 230 ni ó kúrò ní ilé, fóltì 206 ni ó dé ilé adìẹ, ìṣàn sì jẹ́ áńpíà 10.

Fóltì mélòó ni ó sọnù lójú ọ̀nà? 230 − 206 = 24.
Kí ni ìdènà wáyà náà? 24 ÷ 10 = 2.4. Óòmù 2.4 ni.
Agbára mélòó ni wáyà náà fi ń gbóná lásán? 24 × 10 = 240. Wáàtì 240 ni.

Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà 200 ni wáyà tí ó gbà kọjá, kì í ṣe 100. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń gbàgbé èyí.

Bí iná náà bá ń tàn fún wákàtí 12 lóru kan, wáyà nìkan yóò jẹ yúnìtì 2.88. Ní òru 30, ó di yúnìtì 86.4 tí a sanwó fún, tí adìẹ kankan kò yá.

Ká ní ó ra wáyà tí a ń pè ní 6 ńkọ́? Ojú bàbà rẹ̀ fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ìdènà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin, óòmù 0.6. Fún áńpíà 10 kan náà, fóltì tí ó sọnù yóò jẹ́ 6, wáàtì tí ó ṣòfò yóò jẹ́ 60, yúnìtì tí wáyà jẹ ní òru 30 yóò sì jẹ́ 21.6. Yúnìtì 64.8 ni ó jèrè ní oṣù kan. Kí ó fi iye owó yúnìtì sọ ọ́ di púpọ̀, kí ó sì wò ó bí wáyà tí ó wọ́n kì í bá ti san owó ara rẹ̀ padà.

Ti iná tí a ń rí láti ara oòrùn tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ipá rẹ̀ sábà máa ń kéré. Ẹ̀rọ kan tí ń fa omi jẹ́ wáàtì 240, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ fóltì 12. 240 ÷ 12 = 20. Áńpíà 20 ni ó nílò. Bí olúwarẹ̀ bá lo wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ òkè yìí tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ óòmù 2.4 láti so bátìrì mọ́ ẹ̀rọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? 12 ÷ 2.4 = 5. Bí kò bá tilẹ̀ sí ẹ̀rọ kankan ní ìpẹ̀kun, tí a kàn so orí wáyà méjèèjì pọ̀ níbẹ̀, áńpíà 5 péré ni ó lè gba inú rẹ̀ kọjá. Áńpíà 20 kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ẹni náà yóò máa bú ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún un, bẹ́ẹ̀ wáyà ni ó ń jà á lólè. Kí ó gbé bátìrì súnmọ́ etí kànga, kí ó lo wáyà tí ó nípọn, tàbí kí ó ra ẹ̀rọ àti bátìrì tí ipá wọn ga ju fóltì 12 lọ.

Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tí ń pín iná ń lò. Bí a bá fẹ́ fi wáàtì 23,000 ránṣẹ́ ní fóltì 230, áńpíà 100 ni ìṣàn rẹ̀. Bí ìdènà ọ̀nà náà bá jẹ́ óòmù 1, 100 × 100 × 1 = 10,000. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí yóò ṣòfò lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ránṣẹ́ ní fóltì 11,000, ìṣàn yóò jẹ́ nǹkan bí áńpíà 2.1, ohun tí yóò ṣòfò kò sì ní tó wáàtì 5. Nítorí èyí ni iná fi ń ti Kainji, ní etí odò Ọya, gba orí òpó gíga wá ní fóltì 330,000, tí a sì ń dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí tàránsífọ́mà àdúgbò yóò fi sọ ọ́ di èyí tí ilé lè lò.

7. Ìṣírò tí ó kan ara wa

Ara ènìyàn pẹ̀lú ní ìdènà. Bí awọ bá gbẹ, ó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún óòmù lọ́nà púpọ̀. Bí awọ bá tutù, tàbí bí ènìyàn bá wà lórí ilẹ̀ omi láì wọ bàtà, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,000. 230 ÷ 1,000 = 0.23. Èyí kò tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin áńpíà, ṣùgbọ́n ó tó láti pani, nítorí pé áńpíà 0.1 tí ó bá gba àyà kọjá lè da ìlùkìkì ọkàn rú títí ó fi dúró. Iná tí kò lè tan gílóòbù àtijọ́ kan dáadáa lè gba ẹ̀mí ènìyàn. Nítorí náà ni a fi ń ṣe agéná kan tí ó máa ń já fúnra rẹ̀ bí áńpíà 0.03 bá ń jò lọ sí ilẹ̀ tàbí sí ara ènìyàn. Ó yẹ kí irú rẹ̀ wà fún ẹ̀rọ etí kànga àti fún ilé ìwẹ̀.

Bí iná bá mú ẹnìkan, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án. Ẹ kọ́kọ́ pa iná láti ìdí rẹ̀. Bí iná ilé ni, tí kò sì ṣeé pa, ẹ dúró lórí pákó gbígbẹ, kí ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà náà kúrò lára rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ wáyà òpó gíga tí ó já, ẹ má ṣe súnmọ́ ọn rárá títí àwọn oníṣẹ́ iná yóò fi pa á. Bí ẹni náà kò bá mí mọ́, kí ẹni tí ó mọ bí a ti ń tẹ àyà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a sì ránṣẹ́ sí ilé-ìwòsàn.

8. Ìbéèrè fún òǹkàwé

Kí olúkúlùkù ṣe wọ́n kí ó tó wo ìdáhùn.

(i) Iná ìdáná kan ń fa áńpíà 4 ní fóltì 230. Kí ni ìdènà rẹ̀ àti agbára rẹ̀?
(ii) Àgbẹ̀ kan tan iná òròmọdìẹ mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 250, fún wákàtí 12. Áńpíà mélòó ni wọ́n jùmọ̀ ń fà ní fóltì 230, yúnìtì mélòó ni wọ́n sì jẹ?
(iii) Fóltì 228 kúrò ní ilé, 208 dé oko, ìṣàn jẹ́ áńpíà 8. Kí ni ìdènà wáyà, wáàtì mélòó ni ó sì ń ṣòfò?
(iv) Ìdènà ojú ìsopọ̀ kan jẹ́ óòmù 0.4, áńpíà 12 sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Wáàtì mélòó ni ó ń di ooru níbẹ̀?
(v) Bí a bá lo bátìrì fóltì 24 dípò fóltì 12 fún ẹ̀rọ wáàtì 240, báwo ni ooru inú wáyà kan náà yóò ti dín kù tó?

Ìdáhùn: (i) Óòmù 57.5, wáàtì 920. (ii) Nǹkan bí áńpíà 4.35, yúnìtì 12. (iii) Óòmù 2.5, wáàtì 160. (iv) Wáàtì 57.6. (v) Ìṣàn di ìdajì, láti áńpíà 20 sí 10, nítorí náà ooru di ìdá kan nínú ìdá mẹ́rin.

Kí òǹkàwé wa má ṣe fi mítà wọ̀n iná ilé fúnra rẹ̀ bí a kò bá kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìṣírò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ra wáyà, ẹ kọ ohun mẹ́ta sí tákàdá kí ẹ tó kúrò nílé: iye wáàtì ohun tí ẹ fẹ́ lò, iye áńpíà tí yóò fà, àti iye mítà wáyà ní àlọ àti àbọ̀. Ẹ gbé tákàdá náà fún oníṣẹ́ iná, kí ẹ sì ní kí ó ṣírò fóltì tí yóò sọnù lójú yín kí ẹ tó san owó.